Ìsinmi Oníṣẹ́jú Mẹ́ta

Àwọn àgbà ní ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹni tó pa òwe yẹn kò dé Trondheim ní ilẹ̀ Norway rí. Níbẹ̀, ohun tó bá ń dun èèyàn gan-an ni kì í sọ. Ẹsẹ̀ ọkùnrin á kán, wọ́n á bi í pé báwo ni, á ní dáadáa ni. Iná á jó ilé obìnrin, á ní dáadáa ni, ó kàn móoru díẹ̀ ni. Láti kékeré ni Gunnvor ti ń gbọ́ "dáadáa ni" yìí, kò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ lè já ọkọ gbà lọ́wọ́ òun.

Orí òkè Estenstad ni òun àti Aslak ti pàdé. Kì í ṣe pé ara Gunnvor kò yá. Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ara rẹ̀ le koko. Borghild, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ló ní àtọ̀gbẹ. Dókítà ní kó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn tó máa ń sáré gun òkè nítorí ọkàn àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè wakọ̀ mọ́. Bí Gunnvor ṣe di dírẹ́bà Àǹtí rẹ̀ nìyẹn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ó jókòó sínú ọkọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì òtútù lé e jáde, ó bá bá wọn sáré.

Eré náà kò gùn, àmọ́ ó le. Tordis, obìnrin tó ń darí wọn, á fọn fèrè, gbogbo wọn á kọjú sókè, wọ́n á sáré tàbí kí wọ́n rìn kíákíá fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, kálukú bí agbára rẹ̀ ṣe mọ, títí wọ́n á fi máa mí gúlegúle. Fèrè á tún dún, wọ́n á wá máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ bọ̀ nísàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n máa ń ṣe é, ó parí nìyẹn. Wọ́n gbà níbẹ̀ pé ọkàn tí èèyàn bá ń lé báyìí, tó sì ń fún nísinmi, á lágbára ju ọkàn tó jókòó sójú kan lọ. Òfin kan ṣoṣo ni Tordis ní.

"Tí àyà bá ń dun ẹnikẹ́ni, kó nawọ́ sókè, kó sì jókòó. Mi ò fẹ́ akọni níbí o. Gbogbo akọni ti wà ní itẹ́ òkú."

Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ìsinmi yẹn ni ìfẹ́ gbà wọlé.

"Ṣé ẹ̀yin náà ń ṣàìsàn ni?" Ọkùnrin kan ló ń bi Gunnvor bẹ́ẹ̀. Ó ga, irùngbọ̀n rẹ̀ pupa, ó sì dé fìlà onírun kan tó dà bíi pé orí ẹlòmíì ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó hun ún.

"Rárá o. Àǹtí mi ni mo gbé wá."

"Háà. Ẹ kàn ń jìyà lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Èmi, irin kékeré kan ni wọ́n fi ṣí iṣan ọkàn mi lọ́dún tó kọjá. Mo sì tún ní ṣúgà. Aslak lorúkọ mi."

"Orúkọ ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ."

"Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó burú, kẹ́ ẹ lè tètè sá."

Gunnvor ti la ẹnu láti dá a lóhùn nígbà tí fèrè dún. Ó gbé èsì yẹn gun òkè, ó ń mí, ó ń làágùn, kò jẹ́ kó bọ́ sọnù. Nígbà tí wọ́n ń rìn padà bọ̀ nísàlẹ̀, ó wá Aslak kàn láàárín èrò.

"Mi ò sá," ó ní.

Láti ọjọ́ yẹn, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sọ ara wọn fún ara wọn. Ìsinmi kan, Gunnvor mọ̀ pé Aslak ló ń wa ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń gun òkè lọ sí Lian, pé ìjókòó ọjọ́ pípẹ́ àti búrẹ́dì aládùn ló kó o sí wàhálà. Ìsinmi mìíràn, Aslak mọ̀ pé Gunnvor kò ní bàbá. Fèrè á gé ọ̀rọ̀ sí méjì, wọ́n á sì máa fi ìyókù rẹ̀ sáré. Ara wọn ń yá sí i, ìfẹ́ sì ń wọ̀ wọ́n lára. Borghild, ẹni àádọ́rin ọdún tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, rí gbogbo rẹ̀.

"Gunnvor ọmọ mi," ó ní nínú ọkọ̀, "ṣúgà tèmi ń lọ sílẹ̀. Tìrẹ ń gòkè."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ti sọ tèmi. Ọkùnrin tó lè rẹ́rìn-ín lẹ́yìn òkè yẹn, kì í ṣe ọkùnrin tí wọ́n ń jù nù."

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, Aslak rìn sún mọ́ ọn níbi ìsinmi kẹta. Kò sọ nǹkan kan títí Tordis fi gbé fèrè sẹ́nu.

"Gunnvor, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Fèrè dún. Gunnvor yíjú sí i, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, èrò sì gbá a lọ. Kò tíì sí ìṣẹ́jú mẹ́rin tó gùn tó ìyẹn láyé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé òkè, ó gbọ́wọ́ lé orúnkún, ó ń mí bí ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ odò.

"Ìwà burúkú nìyẹn," ó ní. "Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ìyá mi ńkọ́?"

Ìyá rẹ̀ ni Oddbjørg. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò sí òjò tàbí yìnyín tó lè dá a dúró sílé. Gunnvor lọ jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹran lílọ̀ tí wọ́n ṣù roboto ni wọ́n jẹ, pẹ̀lú ọ̀dùnkún àti èso pupa kíkan tí wọ́n sè pẹ̀lú ṣúgà. Gunnvor dúró kí ìyá rẹ̀ bu kọfí tán kó tó sọ̀rọ̀ Aslak fún un.

"Ọkàn rẹ̀ ni kò dáa?" Oddbjørg bi í. Gbogbo ohun tó gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

"Wọ́n ti tún un ṣe, Màmá."

"Ohun tí wọ́n tún ṣe, ó ti bàjẹ́ rí nìyẹn. Mo mọ bí bàtà tí wọ́n rán ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ òjò."

"Aslak kì í ṣe bàtà."

"Ṣé gbogbo ọkùnrin tí ọkàn wọn pé ti kó kúrò nílùú yìí ni? Àwakọ̀ tó ní irin láyà lo rí? Gunnvor, mi ò bí ọ kí n lè wá dì ọ́ mú létí sàréè."

"Màmá, ẹ ò tíì rí i rárá."

"Mo ti rí i. Mo sin ín rí."

Ọ̀rọ̀ Torgeir, bàbá Gunnvor, ni ìyá rẹ̀ ń sọ. Ọjọ́ Àìkú kan nígbà òtútù ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so igi gígùn tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín mọ́ bàtà wọn, wọ́n gba inú igbó lọ. Ọmọ ọdún méjìlá ni Gunnvor nígbà náà. Ojú bàbá rẹ̀ ti ṣá láti àárọ̀. Wọ́n bi í, ó ní dáadáa ni. Ó rẹ́rìn-ín sí wọn, ó sì ṣáájú, bó ṣe máa ń ṣáájú. Nígbà tí wọ́n máa fi yí kọ́nà, ó ti dojú bolẹ̀. Ọdún méjìlélógún nìyẹn. Tí ẹnikẹ́ni bá bi Oddbjørg pé báwo ni, á ní dáadáa ni. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ikú náà nínú ilé. Wọ́n kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ìgbà tí àga ńlá bá wà láàárín yàrá.

Ẹ̀rù ba Gunnvor nínú ọkọ̀ bó ṣe ń lọ sílé. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ kò dùn ún tó bó ṣe dùn ún pé òun náà ti rò ó. Ó ti wo àyà Aslak níbi ìsinmi nígbà mìíràn, dípò kó wo ojú rẹ̀. Ṣé èèyàn lè fẹ́ ọkọ kó máa fi etí gbọ́ ọkàn rẹ̀ títí láé? Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ṣé ekòló ni Aslak, àbí ejò? Kò mọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé òun ń fẹ́ ẹ.

Borghild ló lọ bá wọn ṣe alárinà. Ó ra kéèkì, ó di ilé àbúrò rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ló ti ròyìn bó ṣe lọ fún Gunnvor.

"Mo ní, Oddbjørg, ta ló sọ fún ọ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ pé kì í kú? Ó ní kí n jẹ kéèkì mi. Mo ní mi ò lè jẹ ẹ́, ṣúgà. Ó ní kí ló dé tí mo wá rà á. Mo ní, kí ìwọ lè jẹ ẹ́ ni, kí ẹnu rẹ lè dí, kí n ráyè sọ̀rọ̀."

"Àǹtí! Wọ́n wá jẹ ẹ́?"

"Ó jẹ ẹyọ méjì. Mo sọ gbogbo bí ọmọkùnrin yẹn ṣe wá sórí òkè nígbà tí kò lè rìn dé ibi igi àkọ́kọ́, àti bó ṣe rí báyìí. Ó gbọ́. Ó wá ní kó bá òun lọ sí ilé igi tí wọ́n ti ń ta kọfí lókè lọ́jọ́ Àìkú, kí òun fojú ara òun rí i."

Gunnvor mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń wí. Níbòmíì, wọ́n á bi ọkùnrin léèrè ìdílé àti iṣẹ́ rẹ̀. Níbí, wọ́n á mú un lọ sórí òkè, wọ́n á wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Tordis gbọ́, kò sì fẹ́ràn rẹ̀. "Bí a ṣe ń ṣe é níbí ni kó o ṣe é," ó sọ fún Aslak. "Sáré díẹ̀, kó o sinmi. Ìsinmi wà lára iṣẹ́. Kì í ṣe ìdíje."

"Mo ti gbọ́," Aslak ní, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, oòrùn yọ, ewé ti wọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Oddbjørg gbé àpò sẹ́yìn, ó bọ Aslak lọ́wọ́, ó wò ó láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin, ó sì kọjú sí òkè láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bíi ti ewúrẹ́. Aslak tẹ̀ lé e. Gunnvor dúró ti Borghild lẹ́yìn, tí kò lè yára. Ó rí i pé àwọn méjèèjì ti ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà, ó rí i pé Aslak ti ṣáájú.

"Aslak, sinmi!" ó pariwo.

Aslak kò yíjú. Ó kàn juwọ́ sókè, ó ń lọ. Gunnvor wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń kéré sí i láàárín igi. Ó ti rí ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ rí.

"Máa sáré lọ," Borghild sọ fún un. "Má dúró dè mí."

Nígbà tó wọ ilé igi, ẹ̀rín ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́. Kò rántí ìgbà tó gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Oddbjørg jókòó sídìí fèrèsé, ojú rẹ̀ pọ́n, kọfí àti búrẹ́dì aládùn wà níwájú rẹ̀.

"Gunnvor, wá wo ọkùnrin yìí! Ó fi mí sílẹ̀ ní kọ́nà tó gbẹ̀yìn! Èmi! Mo ti gbà. Mo gbà pátápátá. Ta ló ní ọkàn ọmọ yìí kò dáa?"

Aslak ń rẹ́rìn-ín. Àwọ̀ ètè rẹ̀ ti dà bíi ti eérú. Òógùn wà níwájú orí rẹ̀, kò sì dà bí òógùn ẹni tó sáré. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé kọfí, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì, ó ń pa á dé, ó ń là á.

"Báwo ni àyà?" Gunnvor bi í.

"Dáadáa ni."

Gunnvor fà á jáde. Wọ́n dúró síbi tí wọ́n to igi ìdáná sí.

"Wò mí dáadáa. Báwo ni àyà?"

"Mo ní dáadáa ni. Gunnvor, ìyá rẹ ti gbà!"

"Aslak."

Ó gbójú sílẹ̀. "Àyà fún mi díẹ̀. Lẹ́yìn afárá tó wà ní ìdajì ọ̀nà. Ó ti lọ báyìí."

"Lẹ́yìn afárá? O ṣì wá gun gbogbo èyí tó kù?"

"Ìyá rẹ wà lẹ́yìn mi! Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n jókòó sílẹ̀ lójú rẹ̀? Kó ní òun sọ bẹ́ẹ̀? Nítorí tìrẹ ni mo ṣe ṣe é."

"Bàbá mi náà, nítorí tiwa ni. Kò fẹ́ ba ọjọ́ Àìkú wa jẹ́." Ohùn Gunnvor ń gbọ̀n, ó sì jẹ́ kó gbọ̀n. "Aslak, mo ti gbà láti fẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn. Mo bá ara mi jà lórí ẹ̀, mo gbà. Ẹni tó máa fi ìrora pamọ́ fún mi ni mi ò lè fẹ́. Tí mo bá fẹ́ ọ, tí mo bá bi ọ́ pé báwo ni, tó o ní dáadáa ni, báwo ni màá ṣe mọ̀? Ojoojúmọ́ ni màá máa wo ọwọ́ rẹ lábẹ́ tábìlì."

"Mo ní àyà fún mi díẹ̀ ni. Ó ti lọ."

"Lọ rí dókítà lọ́la. Èmi náà ti lọ."

Oddbjørg ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ó rí i tí wọ́n dúró sún mọ́ ara wọn, ó rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni wọ́n ń sọ. Ó tún bu kọfí.

Bí ayé ṣe dojú rú nìyẹn. Ẹni tí kò gbà tẹ́lẹ̀ ló wá ń bẹ̀bẹ̀, ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ló wá kọ̀.

"Kí lo tún ń wá?" Oddbjørg á bi í ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. "Ọkùnrin tó gun òkè tó báyẹn! Kí ló ṣe ọ́?"

Gunnvor kò lè sọ. Tó bá sọ ọ́, á di dandan kó dárúkọ bàbá rẹ̀, kó dárúkọ ẹ̀rín tí bàbá rẹ̀ rín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó fẹ́ pa ẹ̀rín tí ìyá rẹ̀ rín ní ilé igi mọ́ fún un. Nítorí náà, ó ń gé ọ̀dùnkún rẹ̀, ó ń sọ pé dáadáa ni òun wà. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ohun tó ní kí Aslak má ṣe gan-an ni òun náà ń ṣe.

Yìnyín bọ́. Aslak kò wá sórí òkè mọ́. Ẹgbẹ́ náà ń bá eré wọn lọ, Borghild sì wá ń gbéra ga nítorí pé dókítà ti dín oògùn ṣúgà rẹ̀ kù. Gunnvor ń bá wọn sá a. Ìṣẹ́jú mẹ́rin kò yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló wá ń ni ín lára, tó bá ń rìn bọ̀ nísàlẹ̀ tí kò sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ń wá fìlà onírun yẹn láàárín èrò, ó sì ń bú ara rẹ̀. Ọjọ́ kan ó rí ọkọ̀ ojú irin Lian tó ń bọ̀, ó yà sínú ilé ìtàwé kan kó má bàa rí ẹni tó ń wà á. Nígbà tó kọjá tán, ó sunkún láàárín àwọn ìwé àwọn ọmọdé.

Borghild tún di alárinà. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin Aslak, ó jókòó síwájú pátápátá, ó sì wá ròyìn fún Gunnvor nínú ọkọ̀ wọn.

"Mo bi í pé ṣé ó ti rí dókítà. Ó ní àyà kò dùn ún mọ́. Mo ní, báwo ló ṣe máa dùn ọ́, nígbà tó o jókòó síbí bí àpò ọ̀dùnkún? Gbogbo ọkọ̀ ló rẹ́rìn-ín."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní ọmọ ọdún mẹ́jọ ni òun nígbà tí òun ṣubú lórí yìnyín tí apá òun kán, bàbá òun ní kí òun dìde, kò sí nǹkan tó ṣe òun. Òun dìde. Láti ìgbà náà ni òun ti ń dìde. Ó ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, Gunnvor. Ó ní tí òun bá fẹ́ sọ ọ́, ojú máa ń ti òun bí ẹni tó wà níhòòhò."

Gunnvor wo ojú ọ̀nà. "Ẹ sọ fún un pé Tordis ń béèrè rẹ̀."

"Tordis nìkan?"

"Àǹtí, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un."

Yìnyín ti ń yọ́ nígbà tó padà wá. Ó ti sanra díẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ kò rí ìtọ́jú. Ó kí gbogbo èèyàn, ó kí Gunnvor gbẹ̀yìn, wọ́n sì wo ẹsẹ̀ ara wọn. Tordis ní kó máa rìn ni, kó má sáré rárá. Oddbjørg wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Borghild ló fi ọgbọ́n àrékérekè mú un wá, ó ní kó wá wo ohun tó dín oògùn òun kù. Ó dúró sẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú àpò ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó rí Aslak, inú rẹ̀ dùn.

"Aha! Ẹni tó fi mí sílẹ̀ ní kọ́nà! Jẹ́ kí wọ́n rí ẹ lónìí!"

Aslak rẹ́rìn-ín músẹ́. Fèrè dún. Ẹ̀ẹ̀kíní lọ, ẹ̀ẹ̀kejì lọ. Aslak ń rìn, Gunnvor wà lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀. Níbi ẹ̀ẹ̀kẹta, láàárín òkè, ó rí i tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ yí padà. Èjìká òsì rẹ̀ ká wọnú. Oddbjørg ń pàtẹ́wọ́ lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń kígbe pé kó máa bọ̀, kó máa bọ̀. Gunnvor kò pariwo. Ó ti pariwo rí, Aslak kò gbọ́. Ó dúró, ó sì ń bẹ Ọlọ́run tí kì í sábàá bá sọ̀rọ̀.

Ọwọ́ Aslak gòkè. Kò yá, bíi pé ẹlòmíì ló ń bá a gbé e. Ó jókòó sórí òkúta tútù kan lójú gbogbo èèyàn, lójú Oddbjørg.

"Gunnvor," ó ní. Ojú rẹ̀ pọ́n, omi sì wà nínú rẹ̀. "Àyà ń dùn mí. Ó ń dùn mí gan-an ni."

Tordis ti ń pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e, kí wọ́n jẹ́ kó jókòó. Ó fi oògùn sí i lẹ́nu. Gunnvor jókòó tì í lórí òkúta náà, ó fi kóòtù rẹ̀ bò ó, ó sì di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú.

"Ṣé o bínú?" Aslak bi í.

"Mo ti ń dúró dè é láti ìgbà ìwọ́wé. Bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Bi ọ́ ní kí ni?"

"Ohun tó o bi mí nígbà tí fèrè fẹ́ dún."

Èémí rẹ̀ kò tó. Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Gunnvor ní. Kò dúró rárá lọ́tẹ̀ yìí.

Iṣan ọkàn mìíràn ló ti fẹ́ẹ̀ dí tán. Wọ́n ṣí i lọ́jọ́ náà. Dókítà ní bó ṣe tètè sọ ló gbà á, ká ní ó tẹ̀ síwájú láti gun òkè yẹn dé òkè ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ì bá jẹ́. Gunnvor gbọ́ ọ, ó wá àga jókòó.

Lọ́jọ́ kejì Oddbjørg wọlé pẹ̀lú àpò ẹ̀yìn àti fúláàsì kọfí. Kò jókòó. Ó dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Aslak, ó di irin rẹ̀ mú.

"Lọ́jọ́ yẹn," ó ní, "ní ilé igi. Ó ń dùn ọ́?"

Aslak wo Gunnvor, ó tún wo ìyá rẹ̀. "Ó ń dùn mí, Màmá."

"O sì rẹ́rìn-ín sí mi."

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà fún mi ni."

"Mo sì gbà." Oddbjørg mi orí. "Mo jókòó síbẹ̀, mò ń jẹ búrẹ́dì, mo gbà. Torgeir náà rẹ́rìn-ín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo rò pé mo mọ ẹ̀rín ọkọ mi." Ó wo ọmọ rẹ̀. "Ìdí tó o fi kọ̀ nìyẹn. O rí i, o ò sì lè sọ ọ́ fún mi."

"Mi ò lè sọ ọ́, Màmá."

Oddbjørg ṣí fúláàsì, ó bu kọfí sínú ìdérí rẹ̀, ó gbé e fún Gunnvor.

"Nínú oṣù kẹfà ni kí ẹ ṣègbéyàwó," ó ní. "Níbi tó tẹ́jú ni kí ẹ ti ṣe é."

Aslak rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì jẹ́ ẹ̀rín gidi. Lẹ́yìn náà, ó bi í ní ìbéèrè tí gbogbo ìlú ń bi ara wọn lójoojúmọ́, bí ẹní fi kí èèyàn lásán.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá? Báwo ni?"

Ẹnu Oddbjørg là. Èsì rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ó ti ń lò ó fún ọdún méjìlélógún. Gunnvor rí i tí ètè ìyá rẹ̀ mú un, tó sì jù ú sílẹ̀.

"Rárá," Oddbjørg ní. Ó wá jókòó. "Kì í ṣe dáadáa, Aslak. Ó dùn mí. Láti ọjọ́ yẹn, ó ṣì ń dùn mí."

Gunnvor gbé kọfí sílẹ̀, ó lọ jókòó tì í. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Torgeir, láti àárọ̀ ọjọ́ náà, láti orí ẹ̀rín yẹn. Kò sì sí ẹni tó fọn fèrè.